Títíladé àti Ohùn Kejì

Ẹ̀yin òǹkàwé mi ọ̀wọ́n, mo kí yín. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tí ó jí wa lónìí, tí ó fi ohùn sí wa lọ́fun, tí ó sì fún wa ní etí tí a fi ń gbọ́ ohùn ẹlòmíràn. Ẹ̀rín ló pọ̀ jù nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Bí ẹ bá ní iṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ gbé e sílẹ̀ díẹ̀, kí ẹ wá gbọ́.

Ní ọdún 1971, ọmọbìnrin kan wà ní Erinje tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Títíladé. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì wà ní kíláàsì kejì ní ilé-ìwé girama kan ní Òkìtìpupa. Ọ̀dọ̀ ìyá tó bí ìyá rẹ̀ ló ti dàgbà. Aníwúrà ni orúkọ ìyá àgbà náà, ṣùgbọ́n Iye ni Títíladé ń pè é, bí àwa Ìkálẹ̀ ṣe ń pe ìyá, gbogbo àdúgbò sì bá a pè é bẹ́ẹ̀. Púpurú, ẹ̀gẹ́ rírẹ tí wọ́n dì róbótó tí wọ́n sì yan lórí èéfín, ni Iye ń ṣe tà, kò sí ọjọ́ tí èéfín kì í rú ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi í léèrè iṣẹ́ rẹ̀, kò ní dárúkọ púpurú. Yóò gbé àyà sókè, yóò ní, "Áátò ni mí."

Òótọ́ ló sọ. Ó lé ní ogún ọdún tí ó ti jẹ́ olórí àwọn tó ń kọ ohùn kejì, èyí tí àwọn akọrin ń pè ní áátò, nínú ìjọ Erinje.

Ẹ̀yin tí ẹ ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin rí mọ̀ pé ohùn kìíní ló ń gbé orin. Òun ni èèyàn ń kọ lọ sóko, òun ni ọmọdé ń kọ lódò. Ohùn kejì ní tirẹ̀, abẹ́ ló ń rìn. Kì í lọ jìnnà. Ó ń lọ, ó ń bọ̀ lójú kan, bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú yàrá kékeré. Ìwé orin tí wọ́n ń lò nígbà náà, sọ́fà, ìyẹn dò, ré, mí, ni wọ́n fi kọ ọ́, ìlà mẹ́rin lórí ara wọn, ohùn kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìlà tirẹ̀. Láti ìgbà tí Títíladé ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́rin ni Iye ti ń mú un dúró láàárín àwọn áátò, lábẹ́ apá aṣọ akọrin rẹ̀ tó fẹ̀ bí àgọ́, ìka Iye kì í sì í kúrò lórí ìlà kejì. Áátò ni wọ́n fi ń bó ẹ̀gẹ́ nílé. Áátò ni wọ́n fi ń fẹ́ iná. Bí wọ́n bá fẹ́ gbàdúrà, áátò náà ni. Ọmọ náà ń gbọ́ pé àwọn yòókù ń kọ nǹkan mìíràn lókè, ṣùgbọ́n ó rò pé ọ̀ṣọ́ ni wọ́n ń fi sí orin, bí ìgbà tí èèyàn lẹ òdòdó mọ́ fìlà. Lójú tirẹ̀, èyí tí Iye ń kọ gan-an ni orin.

Olórí ohùn kìíní nínú ìjọ náà ni Mildred, opó kan tí ilé rẹ̀ dojú kọ ti Iye. Ohùn Mildred ga, òun náà sì mọ̀ pé ó ga.

Iye a máa sọ fún un láàárọ̀ ọjọ́ Ajé pé, "Mildred, ó ku díẹ̀ kí o fọ́ fèrèsé ìjọ lánàá."

Mildred a sì dáhùn pé, "Ẹ kú àárọ̀ o, Iye. Àbí ẹ wá sí ìjọ lánàá ni? Mi ò kúkú gbọ́ yín."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kí ara wọn fún ogún ọdún.

Ilé-ìwé Títíladé ní báǹdì. Fèrè kékeré mẹ́fà ló wà níbẹ̀, fèrè idẹ méjì, ìlù kéékèèké mẹ́ta, àti ìlù ńlá kan tí ó máa ń bo ọmọ tó ń lù ú mọ́lẹ̀. Tísà Dúrósinmí, ará Abẹ́òkúta tí bàtà rẹ̀ ń dán ju gbogbo idẹ báǹdì lọ, ló ń kọ́ wọn. Ní ọjọ́ kan, wọ́n gbé bàbá ọ̀kan nínú àwọn tó ń fun fèrè lọ síbi iṣẹ́ ní Àkúrẹ́, ọmọ sì bá bàbá lọ. Àyè kan ṣí sílẹ̀. Oṣù tó ń bọ̀ ni ilé-ìwé yóò sì ṣe àjọ̀dún ọdún mẹ́wàá, báǹdì yóò sì yan níwájú àwọn àlejò.

Tísà kéde pé ẹni tó bá fẹ́ wọlé yóò fun orin ìrọ̀lẹ́ inú ìwé orin ìjọ, èyí tí gbogbo ilé-ìwé ń kọ kí wọ́n tó túká. Àwọn méjì ló kọ orúkọ sílẹ̀: Súnkànmí, ọmọ akọ̀wé kóòtù, àti Títíladé. Fèrè kan ṣoṣo ló wà fún ìdánrawò, nítorí náà Súnkànmí yóò lò ó fún ọ̀sẹ̀ kìíní, Títíladé fún ọ̀sẹ̀ kejì.

Nígbà tí Súnkànmí ń gbé fèrè fún un, ó ní, "Títíladé Púpurú! Fèrè kì í ṣe igi ìdáná o. Má fi koná."

Títíladé dá a lóhùn pé, "Fọkàn balẹ̀. Ọjọ́ tí mo bá fi koná, ẹnu rẹ ni màá fi ṣe ẹwìrì."

Ọjọ́ kìíní tí ó fun fèrè náà nílé, atẹ́gùn lásán ló jáde. Ọjọ́ kejì, ewúrẹ́ méjì sá kúrò lẹ́yìnkùlé. Nígbà tí ó di ọjọ́ kẹta, ohùn dídùn kan jáde, ó tinrín, ó mọ́ gaara. Iye fi púpurú sílẹ̀ lórí àjà iná, ó nu ọwọ́, ó gbé ìwé orin wá.

"Ìlà kejì," ni Iye wí. "Má gbójú sókè."

Títíladé kò gbójú sókè. Mí, mí, mí, fà, mí, ré, ré, mí. Ó fun ún lọ, ó fun ún bọ̀, títí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ ibi tí ihò kọ̀ọ̀kan wà nínú òkùnkùn.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú ìdánwò, nígbà tí wọ́n pe àwọn tó ní ìdúpẹ́, Iye dìde láàárín akọrin.

Ó ní, "Ẹ bá mi yin Olúwa! Títíladé ọmọ mi ti wọ báǹdì ilé-ìwé girama ní Òkìtìpupa. Fèrè ló ń fun. Lọ́jọ́ àjọ̀dún, iwájú pátápátá ni yóò wà!"

Títíladé fa apá aṣọ akọrin Iye. "Iye! Iye, wọn ò tíì dán wa wò. Ọjọ́bọ̀ ni."

"Mo mọ̀," Iye sọ láìyí ojú padà. "Ṣé tísà yín ni mò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Àbí Ọlọ́run náà ń dúró de Ọjọ́bọ̀ ni?"

Kí Títíladé tó rí ọ̀rọ̀ sọ, ìjọ ti dìde. Wọ́n jó lọ síwájú, wọ́n jó padà. Katikíìsì Adéjọbí tó ń darí ìjọ gbàdúrà gígùn, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ìdúpẹ́ ìjọ pẹ̀lú yíǹkì. Àwọn bàbá méjì ní àwọn yóò wá ọkọ̀ tí yóò kó ìjọ lọ wo àjọ̀dún náà. Mildred sún mọ́ Iye lẹ́yìn ìsìn, ó rẹ́rìn-ín tó fẹ̀.

"Inú mi dùn o, Iye. Gbogbo wa la ó lọ. Àwa tí a jó sí i, àwa náà la ó fi ojú wa rí i."

Ẹ̀rù wá ba Títíladé gidi. Ní Erinje, ẹni tó bá dúró níwájú ìjọ tó dúpẹ́ ohun tí kò rí gbà, irọ́ ló pa fún Ọlọ́run lójú gbogbo èèyàn. Bí òun kò bá wọ báǹdì yìí, Iye kò ní lè dìde nínú akọrin mọ́. Ọmọ náà kò jẹun tó dára títí di Ọjọ́bọ̀.

Ọjọ́bọ̀ pé. Gbogbo báǹdì jókòó sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Súnkànmí ló kọ́kọ́ fun tirẹ̀. Fèrè náà ń súfèé níbi tí kò yẹ, ó sì gbé ohùn mì lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé orin ìrọ̀lẹ́ ni.

Títíladé dìde. Ó gbàdúrà nínú, ó gbé fèrè sẹ́nu. Kò súfèé, kò kọsẹ̀, èémí rẹ̀ gùn bí okùn ẹrù. Mí, mí, mí, fà, mí, ré, ré, mí. Ó parí ẹsẹ kìíní, ó sì bọ́ sí ẹsẹ kejì, torí ó rò pé ìdákẹ́jẹ́ tí wọ́n dákẹ́ yẹn, ẹwà orin ló fà á.

Ẹni tó ń lu ìlù ńlá ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Tísà Dúrósinmí gbé ọwọ́ sókè. "Títíladé, orin wo nìyẹn?"

"Orin ìrọ̀lẹ́ ni, sà."

"Ti ìlú wo?"

"Tiwa ni, sà. Èyí tí à ń kọ lójoojúmọ́."

"Fi ẹnu kọ ọ́ kí n gbọ́."

Ó fi ẹnu kọ ọ́. Ohun kan náà ló jáde. Súnkànmí ṣubú sínú koríko, ẹ̀rín fẹ́ pa á. Tísà kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó mi orí, ó sì kọ orúkọ Súnkànmí sínú ìwé báǹdì. Wọ́n gba fèrè lọ́wọ́ Títíladé.

Ó rìn padà sílé. Nígbà tí ó dé Erinje, kò lè wọlé. Ó yà sẹ́yìn ilé Mildred, ó jókòó sórí igi tó wó lulẹ̀ níbẹ̀, ó ń ronú ohun tí yóò sọ fún Iye. Mildred wà ní ìta, ó ń bó ẹ̀gẹ́, ó sì ń kọrin. Orin ìrọ̀lẹ́ gan-an ló ń kọ. Nítorí pé orin náà wà lọ́kàn Títíladé, tí ó sì ń dun ún, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún lábẹ́ èémí, bí ó ṣe mọ̀ ọ́n.

Ohùn méjèèjì pàdé. Wọn kò kọlu ara wọn rárá. Ti Mildred gun òkè, ó sọ̀ kalẹ̀. Ti Títíladé dúró sísàlẹ̀ ó sì gbé e ró. Títíladé dákẹ́ lójijì. Ti Mildred ń lọ. Ó tẹ́tí sí i dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ayé rẹ̀. Ohun tí Súnkànmí fun nìyẹn. Ohun tí gbogbo ilé-ìwé ń kọ nìyẹn.

Mildred pariwo pé, "Ta ló ń kọ áátò lẹ́yìn ilé mi?"

"Èmi ni, mà."

"Títíladé? Kí ló dé tí ojú rẹ rí báyìí? Ta ló kú?"

Ọmọ náà sọ ohun gbogbo fún un. Mildred rẹ́rìn-ín títí ọ̀bẹ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó fi etí aṣọ nu ojú. "Ṣé o lọ fun áátò fún tísà? Ìwọ nìkan? Láìsí ẹnì kankan lókè?" Ṣùgbọ́n nígbà tí ó rí i pé omi ń bọ́ lójú ọmọ náà, ó gbé ẹ̀rín mì. "Ó tó, ọmọ mi. Lọ sọ fún Iye. Bí o bá fi pamọ́, yóò burú sí i."

Títíladé sọdá sílé. Ó kúnlẹ̀. "Iye, wọn ò mú mi. Wọ́n ní ohun tí mo fun kì í ṣe orin. Iye, áátò nìkan lẹ kọ́ mi."

"Kí ni mo tún lè kọ́ ọ?" ni Iye béèrè. "Ṣé báàsì àwọn ọkùnrin ni?"

"Àwọn yòókù ní èyí tó wà lókè ni orin, mà."

Iye yí púpurú kan lórí àjà, ó yí òmíràn. Ó wo iná fún ìgbà pípẹ́. Títíladé mọ̀ pé ìdúpẹ́ ọjọ́ Ìsinmi ló ń rò. Lẹ́yìn náà, Iye fọ ọwọ́, ó wé gèlè, ó mú ìwé orin, ó sì sọdá lọ sí ilé Mildred. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin ọkọ Mildred, kò wọ ilé náà mọ́.

"Mildred."

"Iye. Ẹ wọlé."

"Mi ò jókòó. Lọ́la mò ń lọ sí Òkìtìpupa, sí ilé-ìwé ọmọ yìí. Mo fẹ́ kí o bá mi lọ."

"Kí n lọ ṣe kí ni?"

Iye wo òrùlé. Ó wo adìẹ tó ń kọjá. "Kí o lọ kọ tìrẹ. Tiwa kò... tiwa kò dá dúró."

Mildred tẹ́ etí sílẹ̀. "Ẹ jọ̀wọ́, mi ò gbọ́ dáadáa. Ẹ tún un sọ."

"O gbọ́!"

"Ẹ kàn tún un sọ lẹ́ẹ̀kan péré, Iye, kí n rí nǹkan dúpẹ́ lé lórí lọ́jọ́ Ìsinmi."

"Mildred, ṣé o ń lọ àbí o ò lọ?"

"Màá lọ," ni Mildred wí. "Ọmọ gbogbo wa ni."

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé orí pápá, Iye níwájú pẹ̀lú ìwé orin lábíyá. Báǹdì ń dánra wò. Tísà Dúrósinmí rí wọn, ó sì mí kanlẹ̀.

"Ẹ̀yin ìyá, ẹ kú ọ̀nà o. Ṣùgbọ́n mo ti kọ orúkọ sílẹ̀."

"Tísà, a ò wá jà," ni Iye wí. "A wá kọrin ni. Ẹ yá wa ní fèrè kan."

Súnkànmí kò fẹ́ fún wọn ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n Tísà wò ó, ó sì nà án sí Títíladé. Iye gbé ọwọ́ sókè bí olórí akọrin. Mildred la ẹnu. Títíladé fun fèrè.

Ẹ̀rín tí àwọn ọmọ ti múra rẹ̀ sílẹ̀ kú sí wọn lẹ́nu. Àwọn tó ń ṣeré bọ́ọ̀lù ní òdìkejì pápá dúró. Tísà Dúrósinmí yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó sì tún fi sójú, bí ẹni pé ojú ló fi ń gbọ́ orin. Nígbà tí wọ́n parí, ó gba fèrè, ó fi fún Súnkànmí. "Ìwọ fun tìrẹ. Títíladé, fi ẹnu kọ tìrẹ." Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fi fèrè márùn-ún yòókù kún un. Títíladé kò yẹ̀. Ó fi ìlù kún un. Ó ní kí àwọn tó ní fèrè idẹ wá dúró sí etí rẹ̀ ọ̀tún àti òsì kí wọ́n fi gbogbo agbára fun ún. Iṣan ọrùn Títíladé yọ, ṣùgbọ́n kò kúrò lórí mí, mí, mí, fà, mí.

"Ọdún mẹ́ta!" ni Tísà kígbe. "Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń wá ọmọ tó lè di ohùn kejì mú! Gbogbo ẹni tí mo bá fi síbẹ̀, kí a tó dé àárín orin, wọ́n á ti sá lọ bá àwọn tó wà lókè."

"Èyí kò mọ ibi tí òkè wà, sà," ni Iye wí.

Tísà ronú. Súnkànmí di fèrè mọ́ àyà. "Mi ò lè gba fèrè lọ́wọ́ ẹni tí mo ti mú," ni Tísà wí. "Kò dára bẹ́ẹ̀." Ojú Títíladé fà ro. Tísà bá wọ inú ọ́fíìsì lọ, wọ́n ń gbọ́ tí àwọn nǹkan ń ṣubú níbẹ̀, ó sì jáde pẹ̀lú ìwo idẹ ńlá kan tó ká jọ bí ìfun màlúù, eruku bò ó. Nígbà tí ó dà á dojú dé, aáyán mẹ́ta jáde láti inú rẹ̀.

"Àlùfáà òyìnbó kan ló fi sílẹ̀ fún wa. Kò sí ọmọ tó fẹ́ ẹ, torí pé kì í gbé orin. Abẹ́ ló ń wà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin."

Títíladé gbà á mọ́ra. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi tó ọmọ náà fúnra rẹ̀. Ó fun ún. Ohùn tó jáde dà bí ti màlúù tí wọ́n jí lójú oorun. Mildred fi ọwọ́ bo ẹnu. Iye ní, "Ó wà nísàlẹ̀. Ibẹ̀ ló yẹ kó wà." Tísà ṣí ìwé báǹdì, ó kọ Títíladé sí ìsàlẹ̀ gbogbo orúkọ.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Iye dìde lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Mo ní fèrè ni," ó wí. "Fèrè kọ́, ìwo ni. Mo ní iwájú ni. Ẹ̀yìn ni. Mo sì dúpẹ́ kí ohun náà tó tẹ̀ wá lọ́wọ́, ó ku díẹ̀ kí n sọ yín di elẹ́rìí irọ́. Kí Ọlọ́run dárí jì mí."

Katikíìsì Adéjọbí ṣí ìwé ìdúpẹ́. "Ìyá, ṣé kí n fagi lé ti tẹ́lẹ̀ ni?"

"Ẹ má fagi lé e, sà. Ẹ kọ èyí sábẹ́ rẹ̀."

Mildred wúkọ́ láti àárín ohùn kìíní. "Iye, ó ku ẹnì kan tí ẹ kò tíì dárúkọ."

Iye pa ojú dé. "Mildred ló bá wa lọ kọ ohùn kìíní," ó wí. "Ó kọ ọ́ dáadáa." Ìjọ hó yèè, ariwo náà ju ti ìdúpẹ́ àkọ́kọ́ lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọkọ̀ kó ìjọ Erinje dé Òkìtìpupa. Báǹdì yan jáde. Ìwo ti bo Títíladé lójú, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni wọ́n rí ní ìlà ìkẹyìn.

Bàbá kan béèrè pé, "Èwo ni tirẹ̀ nínú gbogbo ariwo yìí?"

"Ẹ má wá a lókè," ni Iye wí.

Nígbà tí wọ́n fun orin ìrọ̀lẹ́, tí ọ̀gá ilé-ìwé ní kí gbogbo èèyàn bá wọn kọ ọ́, Iye la ẹnu láti bọ́ sórí áátò rẹ̀. Ó bá a pé ọmọ òun ti wà níbẹ̀, ó dúró gbọn-in. Fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ayé rẹ̀, Iye gbé ohùn lọ sókè, ó ń kọ ohùn kìíní lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mildred. Níbi tí orin ti ga jù, ohùn rẹ̀ ya bí aṣọ gbígbó.

Mildred fi ìgunpá gún un. "Iye! Ohùn yín ti ya o!"

"Jẹ́ kó ya," ni Iye wí, ó sì ń kọ ọ́ lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ka ìtàn yìí dópin, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹ ṣe aláìní ẹni tí yóò kọrin pẹ̀lú yín. Ìdúpẹ́ tí ẹ bá ti ṣe ṣáájú, kí ó fi àánú mú un ṣẹ. Bí ó bá jẹ́ abẹ́ ló fi yín sí, kí ó fún yín ní èémí tó gùn, kí ẹsẹ̀ yín má sì yẹ̀ níbẹ̀. Àmín.